Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá fún Àwọn Olùkọ́

Olùyẹ̀wò ti rí ilé-ìwé burúkú rí, ṣùgbọ́n ti òní yìí kọjá àfẹnusọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó ní kó máa lọ káàkiri ilé-ìwé, kó máa wò ó bóyá àwọn olùkọ́ mọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Bí wọ́n bá yege, wọn á gba ìwé ẹ̀rí. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, a jẹ́ pé ọmọ tí nǹkan bá ṣe níbẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló kù tó lè gbà á.

Òfin ìdánwò náà kò le. Ọ̀gá ilé-ìwé á yan ọmọ kan ní bòókẹ́lẹ́, ọmọ náà á ṣubú nínú kíláàsì bí ẹni tí wárápá mú, àwọn olùkọ́ á sì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á dúró sí ọ́fíìsì, kó má baà fojú sọ̀rọ̀. Olùyẹ̀wò kò gbọdọ̀ lanu, kò gbọdọ̀ dìde lórí àga, àfi tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé.

Kò tíì jókòó dáadáa tí ọmọ kan ní ìjókòó ẹ̀yìn fi ṣubú lulẹ̀ gbì. Olùyẹ̀wò sáré wo aago, ó ṣí bírò rẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó yọ ṣíbí nínú àpò, ṣíbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹun tí kò tíì fọ̀, ó sì tì í bọ ọmọ náà lẹ́nu. Olùyẹ̀wò kọ òdo. Olùkọ́ orin bọ́ bàtà, bàtà tí kò rí oòrùn rí láti ọjọ́ tó ti rà á, ó gbé e sí ọmọ náà nímú pé òórùn rẹ̀ á jí i. Òdo. Ẹnìkẹta jókòó lé e lẹ́sẹ̀ kó má baà máa ta ìpá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ikun imú ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan náà nu itọ́ tó ń hó bí ọṣẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Olùyẹ̀wò kọ òdo míràn.

“Rọra, ọmọ mi,” olùkọ́ ìṣirò ń rẹ́rìn-ín. “Eré náà ti tó. Àbí o fẹ́ gé mi níka jẹ ni?”

Kò sí ẹni tó yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́, kò sí ẹni tó tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Ọmọ nìkan ló mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Olùyẹ̀wò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé eré rẹ̀ dára, pé ẹni tó kùn ún létè mọ bí ètè ẹni tí kò rí èémí mí ṣe ń dúdú. Ọmọ tí òun àti ẹni tó ṣubú jọ jókòó nawọ́ sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Olùyẹ̀wò fi bírò júwe pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ti kọ́ òun náà ní eré, ó dájú. Nígbà tó yá, òórùn ìtọ̀ gba yàrá. Ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn ògiri. Olùyẹ̀wò fi aṣọ bo imú, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹlẹ́gbin paraku ni gbogbo wọn.

Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ọmọ náà dákẹ́. Olùkọ́ orin pàtẹ́wọ́, ó ní ìtọ́jú àwọn ti ṣiṣẹ́. Olùyẹ̀wò dúró kí ìṣẹ́jú tó kù pé, ó fa ìlà pupa sábẹ́ àwọn òdo, ó sì dìde.

“Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́,” ó sọ fún wọn. “Ká ní òótọ́ ni, ọmọ yìí ì bá ti kú lójú yín.”

Ilẹ̀kùn ṣí, ọmọbìnrin kan tí òógùn bo ojú rẹ̀ sì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ má bínú mà, iṣẹ́ tí ọ̀gá rán mi ló jẹ́ kí n pẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n wá ṣubú.”