Ẹ Tún Bíréèkì Yẹn Wò

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bíréèkì yẹn wò."

Ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Sadiya, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé! Ọdọọdún lẹ ń ṣe báyìí. Àbí bíréèkì lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rín in.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n so yìgì èmi àti Abdulhaleem. Ó fẹ́ gbé mọ́tò rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò.

Mo ní, "Olówó orí mi, jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti bá ẹ gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà. Kò tiẹ̀ bèèrè mọ́tò."

Inú rẹ̀ dùn. Ó pè mí ní ìyàwó.

Lọ́jọ́ kejì, bíréèkì já lọ́nà Malete.

Ìwé yẹn ni wọ́n bá lápò rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Ó ṣì ku ọdún kan kí àsìkò ìwé náà tó parí.