Olúdélé Ta Ẹ̀rọ Iṣẹ́, Ó Fi Ra Ojú Kámẹ́rà

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má fò ó. Ẹ má sì rò pé ọtí àti tẹ́tẹ́ nìkan ló ń ba ilé jẹ́. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́. Fọ́tò ló ń yà.

1.
Olúdélé Abíọ́nà ni orúkọ rẹ̀. Ìkirè ló ti wá sí Èkó, táìsì ilẹ̀ ló sì ń tò ní àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Lakowe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Àrínọlá ìyàwó rẹ̀ ń ṣe irun ní Ajah. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Àrínọlá ta ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ irun àwọn oníbàárà kí ọkọ rẹ̀ lè ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìsì. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ wọn.

Oníkálukú ló ní ohun tó fi ń najú. Àṣírù ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Bàtà kan ṣoṣo ló rà, ó lò ó títí ó fi ya lẹ́nu. Ọláníyan aládùúgbò wọn ń ta dráàfù lábẹ́ igi. Àrínọlá ń kọrin ní ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ. Ọṣẹ tó fi ń fọ sùtánà ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Olúdélé ní fọ́tò lòun fẹ́ máa yà ní tòun. Ó ra kámẹ́rà àlòkù kan. Ó ń ya ọ̀sà, ó ń ya ẹyẹ, ó ń ya àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun lórí búlọ́ọ̀kù. Inú rẹ̀ ń dùn. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, mi ò ní rí ìtàn sọ.

2.
Ní Sátidé kan, ó lọ sí etíkun Oniru. Ó bá àwọn ayafọ́tò kan níbẹ̀, àwọn ọmọ olówó tó gbé kámẹ́rà wá nínú mọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn gba kámẹ́rà rẹ̀, ó yí i wò.

"Bọ̀dá, ojú yín dáa o," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tó wà lẹ́nu kámẹ́rà yìí, ti ọmọdé ni."

Ọkùnrin náà kò bú u. Ó tilẹ̀ yìn ín. Ṣùgbọ́n ibi tó dùn ún nìkan ni Olúdélé gbé délé.

Ó ra lẹ́ǹsì tuntun. Wọ́n ní òmíràn ló ń ya òṣùpá, ó tún wá a rà. Ó ra ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ó ra báàgì tí òjò kì í wọ̀.

Ọláníyan pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Délé, ọpọ́n dráàfù yìí ni mo ń lò láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. Ṣé o ti gbọ́ rí pé ó ní kí n ra ẹsẹ̀ fún òun?"

"Eré lẹ̀ ń ṣe," ni Olúdélé fèsì. "Iṣẹ́ ọnà ni tèmi."

3.
Kò pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ará Oniru fẹ́ ta lẹ́ǹsì gígùn kan. Olúdélé kò ní owó rẹ̀. Ló bá gbé ẹ̀rọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ajah, ó tà á, ó fi owó rẹ̀ ra lẹ́ǹsì náà.

Nírọ̀lẹ́, Àrínọlá wo ìdí ilẹ̀kùn tí ẹ̀rọ máa ń wà, kò rí nǹkan kan. "Bàbá Dábírà, ẹ̀rọ dà?"

"Mo yá Àṣírù."

"Àṣírù fúnra ẹ̀ ló wá bẹ̀ mí lọ́sàn-án pé kí ẹ yá òun ní ẹ̀rọ ọ̀hún."

Olúdélé wolẹ̀. "Mo tà á. Màá rà á padà tí iṣẹ́ bá ti dé."

Àrínọlá rọra jókòó. "Mo ta tèmi kí ẹ lè ní tiyín. Ẹ ò tilẹ̀ bi mí."

4.
Iṣẹ́ dé lóòótọ́. Ẹnjiníà Ọlábùnmí gbé iṣẹ́ táìsì ilé ńlá kan fún un ní Lakowe. Ojú ti Olúdélé láti sọ pé òun kò ní ẹ̀rọ mọ́. Ó lọ yá ògbólógbòó kan níbi iṣẹ́ mìíràn.

"Irin tó ń bo abẹ rẹ̀ ti já," Àṣírù kìlọ̀ fún un. "Má fi gé nǹkan kan."

"Ṣé òní ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé táìsì ni?"

Lọ́jọ́ náà, oòrùn ń wọ̀, ojú ọ̀run sì pupa. Olúdélé fẹ́ parí kíákíá kó lè lọ yà á. Ó ń gé, ó ń wo òkè. Ẹ̀rọ ta mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí Àṣírù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìka méjì ti wà nílẹ̀, nínú eruku funfun.

5.
Nígbà tí ilé ìwòsàn ń béèrè owó, wọ́n gbé lẹ́ǹsì gígùn náà lọ tà. Ẹni tó ń rà á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ọ̀rinrin ti wọnú èyí. Ẹ wo bó ṣe hu funfun. Òmíràn tó dáa jù ú lọ sì ti jáde."

Ohun tó san kò tó ìdajì owó ẹ̀rọ táìsì tí Olúdélé tà. Iṣẹ́ ilé ńlá náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àrínọlá tọ́jú ọkọ rẹ̀ títí ọgbẹ́ fi jinná, ó wá kó ẹrù, ó mú Dábírà ọmọ wọn, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lónìí, Olúdélé ń ṣọ́ géètì ilé kan ní Lakowe. Nígbà tí Àrínọlá mú ọmọ wá kí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé.

"Màá padà," ni Àrínọlá wí, "nígbà tí mo bá tún lè sùn láìronú ohun tẹ́ ẹ tún fẹ́ tà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, fọ́tò kò burú. Ṣùgbọ́n fàájì kan wà tó jẹ́ pé bàtà lásán ló ń béèrè, òmíràn wà tí kì í yó. Kẹ́ ẹ tó wọnú rẹ̀, ẹ bi àwọn tó ti wà níbẹ̀ léèrè iye owó tó ń jẹ. Ẹ má ta ohun tó ń bọ́ yín nítorí ohun tó ń dá yín lára yá, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu àjèjì sọ ohun tẹ́ ẹ ní di yẹpẹrẹ lójú yín. Bẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ti ń fi ojú owó wo irinṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí i kílẹ̀ tó ṣú.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.