Ọpẹ́ Ọ̀yà Nílẹ̀ Òtútù

Àlọ́ mi gbéra, ó sọdá odò, ó bà lé Ọ̀yà, ẹranko tó mọ ẹ̀yẹ.

Nígbà tí ìyàn mú, Ọ̀yà kó lọ sí ilẹ̀ òtútù, níbi tí koríko pọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó jẹ, ó yó, ṣùgbọ́n òtútù gbé ikọ́ wọ̀ ọ́ láyà. Ó tọ Òòrẹ̀ lọ, oníṣègùn ibẹ̀, tó máa ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Orin ni Òòrẹ̀ fi ń bi aláìsàn:

Àjèjì, ara ń kọ́?
Jàlánkátó.

Ọ̀yà gbè é:

Ara le, mo dúpẹ́.
Jàlánkátó.

Òòrẹ̀ bá a yọ̀, ó tilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí Ọ̀yà ò fi lè nàró mọ́. Ọ̀yà wá ń ráhùn pé wọn ò fẹ́ àlejò níbẹ̀.

Lékeléke, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilẹ̀ méjèèjì, ní, “Ìyá Ọ̀yà, nílé, bí ẹ bá dúpẹ́, a ó wojú yín, a ó tún bi yín. Wọn ò mọ ìyẹn níbí. Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.”

Lékeléke gbé e ró, wọ́n jọ padà sọ́dọ̀ oníṣègùn. Òòrẹ̀ kọrin, Ọ̀yà gbè é:

Ikọ́ ni, àyà ń dùn mí.
Jàlánkátó.

Òòrẹ̀ gbé àgbo gbígbóná kalẹ̀, ó jókòó tì í títí ara fi mókun. Ọ̀yà kúnlẹ̀. “Ẹ ṣeun, bàbá. Ọpẹ́ tòní ló dénú mi.”

Láti ìgbà náà, bí àjèjì bá ní òun dúpẹ́, Òòrẹ̀ kì í tilẹ̀kùn mọ́. Á ní, “Mo gbọ́ ọpẹ́ yẹn. Níbo ló ti ń dùn yín?”

Àlọ́ mi ti sọdá padà. Bí mo bá parọ́, ẹ tún bi mí.