Ogún Ọ̀rọ̀ fún Nínà

Ọ̀jọ̀gbọ́n Maeng kì í pariwo. Bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kàn fi ìka kan ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ onítọ̀hún lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ parí. Ó ti fi ìka ti iṣẹ́ Seryeong padà lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ ìwádìí kékeré àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni: kí ó wá ogún ọ̀rọ̀ tí àwọn ará erékùṣù Jeju ń lò fún nínà àti lílù, kí àgbà kan fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn, kí ó kọ wọ́n sórí káàdì, kí àgbà kejì sì jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Bí ogún bá fi ẹyọ kan dín lọ́jọ́ Ajé, ó ti bọ́ nínú ẹ̀ka náà nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ti gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ dè é.

Ọmọ Jeju ni Seryeong, ṣùgbọ́n èdè àtijọ́ ibẹ̀ ti di ti àwọn arúgbó. Wọ́n júwe Bu Malsun fún un, opó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó ń gbé létí èbúté, tó fi ọgọ́ta ọdún mòòkùn wá ìgbín òkun. Irin pẹlẹbẹ tó fi ń tú ìgbín kúrò lára àpáta ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lórí ìṣó, bó ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Seryeong dárúkọ ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, arúgbó náà bó ọsàn kan fún un, kò sì béèrè nǹkan mìíràn.

Seryeong ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. "Ẹ ṣáà fi ṣe gbólóhùn, Màmá. Èyíkéyìí tó bá wá sí yín lẹ́nu."

"Deokchil gbá mi létí torí pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀."

Deokchil ni ọkọ rẹ̀, tó yọ̀ ṣubú kú lórí àpáta èbúté ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Gbogbo abúlé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Seryeong kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ kẹta, Deokchil ti fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín rẹ̀ méjì. Ní ìkarùn-ún, ó fi irun wọ́ ọ yí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ká. Ní ìkeje, ó fi ẹsẹ̀ gbá a níhà ọ̀tún, egungun sì dá. Ní ìkọkànlá, ó fi okùn ọkọ̀ nà án bí ẹni lu bàrà, ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni. Arúgbó náà ń bó ọsàn bó ti ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Seryeong kò lè gbé ojú kúrò lórí káàdì mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹlòmíràn sí gbólóhùn.

"Ta ni kí n fi sí i? Ṣé aládùúgbò tí kò nà mí?"

Ní ìkọkàndínlógún, Deokchil fún un lọ́rùn títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ọ̀rọ̀ tó kù ni èyí tí wọ́n ń lò bí ẹnìkan bá fọ́ orí ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Arúgbó náà gbé ọsàn sílẹ̀.

"Òkúta ni mo fi fọ́ ọ lórí."

Bírò dúró lọ́wọ́ Seryeong.

"Kọ ọ́," ni Bu Malsun wí. "Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń wá mú. Ṣebí ogún lo ní o fẹ́?"

Nínú bọ́ọ̀sì, ó to àwọn káàdì náà láti orí èyí tó fúyẹ́ dé orí èyí tó wúwo, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ́ wọn. Ìgbéyàwó kan ni wọ́n jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá yọ ìkẹyìn, ó di ọmọ nọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ kó wà níbẹ̀, ó ti fa opó kan lé ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà lọ́wọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí sì ti balẹ̀ tán. Ó pinnu pé ìyá àgbà òun ni yóò jẹ́ àgbà kejì tí yóò jẹ́rìí, ẹnu rẹ̀ ni òun yóò sì tẹ̀lé: bí ìyá àgbà bá ní káàdì náà kò dára, òun yóò ya á dànù.

Obìnrin tí kì í jẹ́ kí wọ́n pa aláǹtakùn nínú ilé ni ìyá àgbà yìí. Kò mòòkùn mọ́ láti ìgbà tó ti jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀. Ìṣó wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Kò dé èbúté mọ́, àmọ́ bí òtútù bá ti dé lọ́dọọdún, agbọ̀n ọsàn kan á ti ibẹ̀ wá. Ìdí ìkòkò ni Seryeong bá a, tó ń já orí ẹja wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́.

"Ìyá àgbà, ẹ má wò ó bóyá òótọ́ ni o. Bóyá bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ ni kí ẹ sọ fún mi. Bí mo bá ní ológbò ń se ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Ó dára. Yóò tilẹ̀ sàn ju èyí tí ìwọ máa ń sè lọ."

Ìyá àgbà gba mẹ́fà àkọ́kọ́ láìgbójú sókè. Ní ìkeje, ó ní, "Ìhà òsì ni." Seryeong rẹ́rìn-ín, ó rán an létí òfin eré. "Ó dára nígbà náà," ni ìyá àgbà wí, ó sì já orí ẹja mìíràn. Ó gba ìyókù bẹ́ẹ̀ títí dé ìkọkàndínlógún. Seryeong ka ìkẹyìn.

"Kò dára," ni ìyá àgbà wí.

Ara tu Seryeong, ẹkún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọdún méjì tó fi kàwé. Ó mú káàdì náà láti ya á. "Ṣé a kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni?"

"À ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ìyá àgbà wí, ojú rẹ̀ wà lára ìṣó ẹnu ọ̀nà, "ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta, irin mi ni, Malsun kò sì lè gbé ọwọ́ sókè, torí Deokchil ṣì ń fún un lọ́rùn lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé."