Bí Mùs'áb Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Ewúrẹ́ ní Ṣàpọ́n

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìparí. Ẹ má fò ó lọ sí ìsàlẹ̀ torí ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fò ó kò ní mọ bí ewúrẹ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà.

1.
Ṣàpọ́n, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ni Mùs'áb ti ń bá àbúrò bàbá rẹ̀, Alhaji Sàlàhúdíìnì, ta kápẹ́ẹ̀tì. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ki bíi ti màlúù. Ọrùn yìí kì í tẹ̀. Bó bá fẹ́ kí àgbàlagbà, á kàn mi orí díẹ̀, bí ẹni tí eṣinṣin bà sí létí. Màríámù ìyàwó rẹ̀, ìyá Yasir, bá a wí títí, ó sú u.

Nígbà tó yá, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Alábàtà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí ẹ mọ̀ o. Eléyìí rí bí orógbó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ẹni tó bá sì gbé e, àwọn yòókù á ya lù ú bíi tírélà sìmẹ́ǹtì tí bíréèkì rẹ̀ já. Torí náà ni wọ́n ṣe ń dé akoto. Mùs'áb ní tirẹ̀ gbà pé ẹni tó ti dé akoto kò ní orí mọ́, òòlù ló ní. Orí ló sì fi ń kan èèyàn.

Ọládọ̀tun, kóòṣì wọn, sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ há. "Èjìká ni kó o fi gbá a, Mùs'áb! Akoto ò lè di ọpọlọ mú!"

"Kóòṣì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ Olúmọ ni mí. Òkúta kì í fọ́."

2.
Lọ́jọ́ Sátidé kan, orí ọmọ Olúmọ pàdé orí ọmọ Olúmọ mìíràn. Ó ró gbàù! Mùs'áb dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ tò sáàárín àwọn alátakò.

"Ṣé kò sí?" ni kóòṣì bi í.

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Nǹkan wà. Orí ń fọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ ni àṣekágbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Ewékorò, ó sì ti sọ fún gbogbo Ṣàpọ́n pé òun ni yóò gbé ife wálé. Bó bá jẹ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kó gbá a.

3.
Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ṣọ́ọ̀bù ni òòyì kọ́ Mùs'áb. Ilẹ̀ yí, ó yí padà, Mùs'áb sì nà gbalaja síwájú Alhaji.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú wò ó.

"Subhánalláhì! Mùs'áb, èmi lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

Mùs'áb, tó ń wo Alhaji méjì lẹ́ẹ̀kan náà, rò ó pé ó sàn kí wọ́n pe òun ní ọmọlúàbí ju kí wọ́n pe òun ní aláìsàn lọ. "Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí láti ilẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni.

Àdúà tí Alhaji ṣe fún un lọ́jọ́ náà, ó tó pín fún àdúgbò.

Láti ìgbà náà, ibi tí òòyì bá ti kọ́ ọ, ẹni tó bá wà níwájú ló jèrè. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá oníbúrẹ́dì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún agbowó-orí, ìyẹn sì gbàgbé ohun tó bá wá. Àwọn ìyá kan tiẹ̀ ń béèrè bí àwọn ṣe lè fi ọmọ tiwọn sínú bọ́ọ̀lù tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ báyìí.

4.
Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Màríámù lọ ká aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú ewúrẹ́ Alhaji. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Kò dáhùn.

"Bàbá Yasir, ta lẹ ń kí?"

"Alhaji ni."

"Ewúrẹ́ Alhaji ni!"

"Ìrẹ̀lẹ̀ ò mọ ẹni, Màríámù."

Màríámù ò rẹ́rìn-ín. Ó rí èébì lẹ́bàá ògiri. Ó figbe ta, wọ́n sì gbé Mùs'áb lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà Adétáyọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní: "Ọpọlọ rẹ ti mì. Bó o bá sinmi, á sàn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá tún gbá ọ lórí kó tó sàn, ọpọlọ lè wú lójijì, o ò sì ní dìde lórí pápá mọ́. Bọ́ọ̀lù yìí ti pa àwọn ọ̀dọ́ níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n gbá jù yín lọ."

"Dókítà, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni màá gbá."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni yóò gbà."

5.
Ẹ gbọ́ o, láàárọ̀ Sátidé, Mùs'áb ti wọ jẹsí! Ó fẹ́ jáde ni Alhaji dí ẹnu ọ̀nà. Ó ṣí fìlà, ó gbé e fún Màríámù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀, tagbà-tagbà.

Mùs'áb fò sókè. "Háà! Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Ìwọ lo fẹ́ kú. Èmi kàn wá kí ọ pé ó dìgbà ni. Mo sì ti gba ìdọ̀bálẹ̀ tí kì í ṣe tèmi, ó yẹ kí n dá a padà."

Mùs'áb dì í mú. Ó jókòó sílẹ̀, ó bọ́ jẹsí.

"Orí ń fọ́ mi," ló wí. "Ó ti ń fọ́ mi láti Sátidé tó kọjá."

Ewékorò gbé ife lọ. Dókítà ní kí Mùs'áb má gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ láyé. Fún oṣù bíi mélòó kan, kò lè wo fóònù, ariwo ò sì bá a lára mu. Ó ní ohùn Màríámù pàápàá ń ro òun lórí. Màríámù ní ìyẹn ti wà tipẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí. Akoto ń ṣọ́ agbárí ni. Ọpọlọ tó ń mì nínú rẹ̀, apá akoto ò ká a. Ẹni tí nǹkan bá gbá lórí, tí òòyì ń kọ́, tó ń bì, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà rú, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, kí dókítà wò ó. Má fi àárẹ̀ pamọ́ torí ife. Ife á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ ni ká ṣọ́ kó o wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà Ẹ̀gbá, tí wọ́n rí ogun dáadáa, ló kúkú sọ ọ́: akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, òun ní í bógun lọ.