Nọ́ńbà Tí Géètì Ń Pè

Àga onítìmùtìmù kan ṣoṣo ló wà ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Bajulaiye. Sabina, tó ń fa ẹ̀jẹ̀, kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni àfi tí èsì onítọ̀hún bá burú.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun tí oníkálukú yóò fi máa wo èsì tirẹ̀ lórí fóònù. Bọ́dúndé, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀, ló kọ géètì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Géètì yóò yẹ tókìn wò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí fóònù gbé dání, yóò ka nọ́ńbà èèyàn nínú rẹ̀, yóò sì pè é fún sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú èsì gbogbo èèyàn. Sáfà kì í bèèrè nǹkan kan. Nọ́ńbà tí géètì bá pè ló gbà.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Sabina fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè fi dán ẹ̀rọ wò. Ó ka nọ́ńbà kan fún Bọ́dúndé lára ọ̀kan nínú ìgò ẹ̀jẹ̀ wọn. Bọ́dúndé kọ ọ́ sínú géètì, ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́.

Baba Nojeem, tó ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé òdìkejì, ló kọ́kọ́ wo tirẹ̀. Kídìnrín méjèèjì ti fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Sabina gbé àga fún un.

"Èmi tí mo jẹ abọ́ ìrẹsì méjì láàárọ̀ yìí?"

Kò pẹ́ ni Ruqoyyah, tó ń ta ẹja ní Ìlàjẹ, wo tirẹ̀. Kídìnrín. Baba dìde fún un.

"Ẹ má bínú," ni Sabina wí, "àga ò tó."

Bọ́dúndé ti tú okùn bàtà rẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ó ní ìjókòó pípẹ́ ló fà á. Ó dìde, ó gba fóònù méjèèjì. Èsì wọn bára mu láìyẹ̀. Ó ṣí iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nọ́ńbà tó fi dán géètì wò ṣì wà níbẹ̀. Òun náà ni géètì ń pè fún gbogbo ayé.

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Baba, ẹ jẹ́ ká jó! Àṣìṣe tèmi ni. Kì í ṣe èsì yín, kì í ṣe ti àǹtí yìí náà."

"Ọmọ kọ̀ǹpútà, wèrè ni ẹ́ o!" Baba ń nu ojú. "O fẹ́ pa mí! Ta wá ló ni ín?"

"Nọ́ńbà keje ni."

Sabina ṣí ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́, ó wo ìlà keje, ó pa ìwé náà dé, ó sì rọra gba àga lábẹ́ Ruqoyyah, ó gbé e sẹ́yìn Bọ́dúndé.