Àlejò Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Òṣèlú

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tó ku oṣù méjì kí wọ́n dìbò, ọkùnrin kan wá gba yàrá lọ́dọ̀ Sabina ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà. Ó ní Japhet ni orúkọ òun, pé Palmgrove ni òun ń gbé, pé oorun ti dá lójú òun láti bí oṣù kan.

"Kí ló fà á?" Sabina bi í.

"Ọ̀rọ̀ òṣèlú, Ìyá. Dókítà ní tí n kò bá jìnnà sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò pa mí."

Sabina rẹ́rìn-ín. Opó ni, ẹja ló ń yan tà. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé kò sí rédíò nínú ilé òun, ẹja tí òun ń wé fún oníbàárà nìkan ló ń rí ìwé ìròyìn níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, Japhet kàn ń sùn ni. Tó bá jí, yóò jókòó sórí pákó ẹnu ọ̀nà, yóò máa wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń wọlé. Bí àwọn oníbàárà bá ti Ṣómólú wá ra ẹja, á dìde, á wọ yàrá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan dún láti ọ̀nà jíjìn, ó ń kí àwọn olùdìbò, ó ń ṣèlérí iná àti ọ̀nà ọlọ́dà. Japhet tutọ́ sínú omi.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa," ó ní. "Gbogbo wọn pátá. Àwọn tó ń pa á mọ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ náà mọ̀."

Sabina fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ó pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Japhet béèrè ìdí tí omi inú ife òun fi ń rùn. Sabina mú un lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ omi kan dúró síbẹ̀, orí rẹ̀ ń dán. Ìgbẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká, eṣinṣin bò ó, ajá kan sì gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tọ̀ sí i lára níṣojú wọn.

"Ẹ mì ín wò," Sabina sọ.

Japhet mì ín. Ẹ̀rọ náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Kò sí páìpù kankan lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kàn rì í mọ́lẹ̀ bí ẹní ri ọ̀pá iṣu ni.

"Ọnọ́rébù Ikúmápàyí tí a dìbò fún lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ló rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá rì í. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, wọ́n bá tiwọn lọ."

"Òun fúnra rẹ̀ ò wá?"

"Ta ló mọ̀ ọ́n lójú? Àmì ẹgbẹ́ tó wà lára àpótí ìbò nìkan la mọ̀."

Ibẹ̀ náà ló ti sọ fún un nípa Ìbíyẹmí, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Omi kànga kan náà tó wà nínú ife Japhet ló mu. Ó ya ìgbẹ́ ọ̀rìn fún ọjọ́ méjì, wọ́n sin ín lọ́jọ́ kẹta. Japhet fi ọwọ́ bo imú. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bì.

Àánú rẹ̀ ṣe Sabina. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ní ojú àánú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń se omi kó tó gbé e fún un mu.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí Ikúmápàyí."

"Kí lẹ fẹ́ kí n kọ?"

"Ohun tẹ́ ẹ fojú ara yín rí."

Gbogbo òwúrọ̀ ló fi kọ ọ́. Nígbà tí Sabina ní kó pe Ikúmápàyí ní olè, ó mi orí, ó ní olè kéré. Ó wá kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Adéjìmí apẹja, aládùúgbò wọn, fi àwọ̀n tó ń tún ṣe sílẹ̀ kó lè gbọ́. "Ikúmápàyí, ìwọ lo ya fọ́tò ẹ̀rọ, àwa la sin òkú." Níbẹ̀ ni Sabina bú sẹ́kún. Adéjìmí ní òun kò gbọ́ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé ẹ máa fún un?" Sabina bi í.

"Mo ṣèlérí fún yín, Ìyá. Á dé ọwọ́ rẹ̀."

Ó di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ojú rẹ̀ ti mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Ó ní òun ti ń sùn dáadáa, pé òun kò ní gbàgbé oore Sabina.

"Wọ́n ní Ikúmápàyí máa sọ̀rọ̀ ní Ṣómólú lọ́la," Sabina sọ. "Mo rò pé kí n wá gbọ́ èsì rẹ̀."

"Ẹ má dààmú ara yín. Oòrùn á pọ̀, èrò á pọ̀."

Síbẹ̀, Sabina lọ, Adéjìmí sì tẹ̀ lé e. Láti orí ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti ń ju búrẹ́dì sí àwọn èèyàn, àwọn àgbààgbà ń jìjàdù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Sabina yíjú kúrò. Ó tẹ̀ síwájú títí ó fi dé ìdí pèpéle, ó ń wá Japhet kiri láàárín èrò, kí wọ́n lè jọ dúró.

Nígbà tí wọ́n pe Ọnọ́rébù Ikúmápàyí, Japhet ló dìde lórí pèpéle, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà Sabina fún gbogbo èrò, àfi pé níbikíbi tí orúkọ Ikúmápàyí bá wà, orúkọ ẹni tó ń bá a dupò ló ń pè.